Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ fún AI Inú Ilé, Mẹ́mọ́rì Ni Kí A Kọ́kọ́ Wọ̀n

Bí ẹnìkan bá sọ pé òun fẹ́ gbé server kan kalẹ̀ sínú ilé, kí AI lè máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ òun ń jáde lọ sí iléeṣẹ́ kankan lókè òkun, ohun tí àwọn ọlọ́jà àti àwọn ọ̀rẹ́ tó mọ kọ̀ǹpútà sábà máa ń kọ́kọ́ bi í ni iye tó ní lọ́wọ́, kí wọ́n lè júwe GPU (káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà) tó lágbára jù tí owó náà lè rà. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìnáwó ti ń ṣìnà. Agbára ìṣirò ni wọ́n ń tà fún un, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fún irú iṣẹ́ tí ènìyàn kan tàbí ìdílé kan máa ń fi AI ṣe, kì í sábà jẹ́ pé agbára ìṣirò ni ẹ̀rọ ṣaláìní. Mẹ́mọ́rì ni: bí ó ṣe tóbi tó, àti bí ó ṣe ń yára gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde tó. Lẹ́yìn méjèèjì yìí ni iná mọ̀nàmọ́ná, èyí tó lè borí gbogbo ìyókù fún ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́. Ẹni tó bá fi ohun mẹ́ta wọ̀nyí ṣe òṣùwọ̀n yóò rí i pé ẹ̀rọ tó yẹ òun sábà máa ń kéré, kì í pariwo, owó rẹ̀ kì í sì í tó ti èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún un.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí àwọn módẹ́ẹ̀lì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Òkìtì nọ́ńbà ni módẹ́ẹ̀lì jẹ́. Llama 3.1 8B tí iléeṣẹ́ Meta gbé jáde ní oṣù Keje 2024 ní nọ́ńbà tó tó bílíọ̀nù 8. Bí a bá fi báìtì méjì pa ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, gbogbo rẹ̀ yóò gba nǹkan bíi 16GB. A lè gé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kúrú, láti bíìtì 16 sí bíìtì 4 tàbí díẹ̀ lé, kí módẹ́ẹ̀lì náà sì ṣì mọ ohun tó ń sọ. Nípa bẹ́ẹ̀, Llama yìí kan náà yóò wọ inú nǹkan bíi 5GB. Ètò llama.cpp, tí Georgi Gerganov bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2023, wà lára ohun tó mú kí irú gígé bẹ́ẹ̀ rọrùn fún ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ojúṣe kan wà tí gígé kò mú kúrò. Kí ẹ̀rọ tó lè kọ tókìn kan ṣoṣo, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tó lè má ju sílébù kan tàbí méjì lọ, ó gbọ́dọ̀ kó gbogbo nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì náà láti inú mẹ́mọ́rì wá síbi tí ìṣirò ti ń wáyé. Bí ó bá kọ ọ́ tán, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè fún tókìn tó kàn, bí ẹni tó gbọ́dọ̀ ka odidi ìwé láti páálí dé páálí kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan, kí ó sì tún un kà kí ó tó kọ ìkejì. Ìṣirò tó ń ṣe lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kéré. Ìsọdipúpọ̀ kan àti àròpọ̀ kan ni. Ìrìnàjò nọ́ńbà láti inú mẹ́mọ́rì ló ń gba àkókò, ibi ìṣirò sì ń dúró dè é.

Nítorí náà, ìṣirò tí olùrà nílò kò le. Kí ó wo iye gìgábáìtì tí mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà lè gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó wá pín in sí bí módẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi tó. Èsì rẹ̀ ni ibi tí iye tókìn lè ga dé. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń lo RAM DDR4-3200 ní ọ̀nà méjì ń gbé 51GB jáde ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà, módẹ́ẹ̀lì 5GB kò lè ju tókìn 10 lọ lórí rẹ̀. Mac mini tó ní ṣíìpù M4 ń gbé 120GB, ó tó tókìn 24. Káàdì RTX 3060 ń gbé 360GB, ó lè dé 72. RTX 3090, tó jáde ní 2020, ń gbé 936GB, ó sì lè dé 187. Ohun tí ènìyàn máa rí lójú ayé kéré sí iye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn kì í sábà yí padà. Ẹ sì tún wò ó pé ojú ènìyàn kò lè ka ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ tó ń kọ tókìn 25 ti ń yára ju bí a ṣe ń kàwé lọ. Ẹ̀rọ tó ń kọ 187 kò ní mú ojú wa yára sí i. Èyí ni mo fi ń sọ pé ohun tí à ń wá ni èyí tó tó.

Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kí ó fi káàdì méjì tó wọ́pọ̀ lọ́jà wéra. RTX 3060 oní-12GB jáde ní 2021. RTX 4060 jáde ní 2023, iná tó ń jẹ kéré sí i, ó sì dára jù ú lọ fún eré orí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, 8GB péré ni mẹ́mọ́rì rẹ̀, 272GB ló sì ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá, níbi tí èyí tó dàgbà jù ú lọ ti ń gbé 360GB. Fún AI inú ilé, ẹ̀gbọ́n ló dára jù, ó tóbi, ó sì yára. Ọlọ́jà tó bá ń fi ọdún àti nọ́ńbà orúkọ káàdì sọ̀rọ̀ kò ní sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ TOPS tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara láptọ́ọ̀pù. Láti 2024 ni Microsoft ti ń béèrè pé kí láptọ́ọ̀pù tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ Copilot+ lè ṣe TOPS 40, ìyẹn ìṣirò tírílíọ̀nù 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà tó kún ẹnu ni, ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì tó ń gbé 135GB jáde kò ní di èyí tó ń gbé 300GB nítorí pé TOPS pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Títóbi mẹ́mọ́rì ní òfin tirẹ̀, òun ló sì le jù. Bí módẹ́ẹ̀lì kò bá wọ inú mẹ́mọ́rì GPU tán, èyí tó kù yóò ṣubú sínú RAM kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni gbogbo ìyára yóò sì ti já sílẹ̀. Llama oní-bílíọ̀nù 70 ń gba nǹkan bíi 42GB lẹ́yìn tí a bá gé e. Káàdì 24GB kan kò lè gbà á, àfi méjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń gbàgbé ni pé módẹ́ẹ̀lì nìkan kọ́ ló ń gba àyè. Bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣe ń gùn sí i ni ẹ̀rọ ń fi àkọsílẹ̀ ohun tí a ti sọ pamọ́ sínú mẹ́mọ́rì kan náà. Fún Llama 3.1 8B, tókìn kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi kílóbáìtì 128. Tókìn 8,000 yóò gba 1GB. Bí ènìyàn bá lo gbogbo 128,000 tí Meta sọ pé módẹ́ẹ̀lì náà lè gbà, àkọsílẹ̀ náà nìkan yóò gba 16GB, ó ju módẹ́ẹ̀lì tí a gé lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó ń kọ Yorùbá ju bí ó ṣe kan àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn tó ṣe módẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ rẹpẹtẹ kọ́ ètò tó ń gé ọ̀rọ̀ sí tókìn, nítorí náà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sábà máa ń jẹ́ tókìn kan. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà máa ń fọ́ sí ègé mélòó kan, nígbà mìíràn lẹ́tà kan ṣoṣo á gba ju tókìn kan lọ. Ìtumọ̀ èyí fún ẹ̀rọ ni pé gbólóhùn kan náà yóò pẹ́ jù láti kọ ní Yorùbá, yóò sì tètè kún àyè àkọsílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ tókìn 10 lè tó fún ẹni tó ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fẹ́ kí ó kọ Yorùbá olóhùn yóò máa wò ó bí ó ṣe ń fà. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ àmì ohùn kúrò lára èdè wa kí kọ̀ǹpútà lè yára. Nítorí náà, ìyára mẹ́mọ́rì ni kí á fi owó sí, nítorí pé èdè wa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí títí di ìgbà tí wọn yóò fi kọ́ ètò tó mọ bí a ṣe ń kọ̀wé.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn tó fi ẹsẹ̀ àríyànjiyàn mi múlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, iléeṣẹ́ Mistral ti ilẹ̀ Faransé gbé Mixtral jáde, módẹ́ẹ̀lì tó ní nọ́ńbà bílíọ̀nù 46.7 ṣùgbọ́n tí kì í pe ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 lọ fún tókìn kan. Láti ìgbà náà, irú módẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ti pọ̀. Qwen3-30B-A3B tí Alibaba gbé jáde ní 2025 ní bílíọ̀nù 30, ó sì ń pe nǹkan bíi 3. Gpt-oss-20b ti OpenAI, tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ní bílíọ̀nù 21, ó ń pe 3.6, OpenAI sì ṣe é kí ó lè wọ inú 16GB. Ẹ fi ìṣirò wa wò ó. Bí Qwen yìí bá gba 19GB lẹ́yìn gígé, ṣùgbọ́n tí tókìn kọ̀ọ̀kan kò pe ju nǹkan bíi 2GB lọ, RAM DDR4 tí mo mẹ́nu bà lókè lè kọ tókìn 25 láìsí GPU kankan. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán tó ní 32GB, irú èyí tí ọ́fíìsì ń tà bí wọ́n bá ń ra tuntun, ti di server AI. Fún irú módẹ́ẹ̀lì báyìí, mẹ́mọ́rì tó tóbi tí ìyára rẹ̀ mọ níwọ̀n ṣàǹfààní ju èyí tó yára bí iná tí kò sì láyè lọ.

Ó wá ku iná. Ní oṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mọ̀nàmọ́ná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan. Ó ti yí padà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ₦210 ṣírò. Server kì í sùn. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ní GPU ńlá lè máa jẹ wáàtì 70 nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúnìtì 1.7 lójúmọ́, nǹkan bíi ₦10,600 lóṣù, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré irú Mac mini M4, tí kì í jẹ ju nǹkan bíi wáàtì 5 lọ bó bá ń dúró, kò ní ná ẹni ní ₦800 lóṣù. Iná ìjọba nìkan nìyẹn. Bí iná bá lọ, tí ilé sì wà lórí bátìrì 5kWh, wáàtì 70 yóò ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́fà bátìrì náà láàárín wákàtí 12 òru, nígbà tí fíríìjì àti fáànù náà ń retí tiwọn. Ẹni tó bá sì gbé RTX 3090 méjì kalẹ̀ nítorí Llama oní-bílíọ̀nù 70 ń gbé wáàtì 700 lé inverter lórí, láì tíì ka ìyókù kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Káàdì yìí gan-an ni a mọ̀ sí èyí tó máa ń fà ju wáàtì tí wọ́n kọ sí i lára lọ fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì tó láti mú kí inverter kékeré paná. Gbogbo wáàtì yẹn ló tún ń di ooru nínú yàrá tí ooru ti wà tẹ́lẹ̀.

Ìrànwọ́ kan wà fún ẹni tó ti ní GPU ńlá lọ́wọ́. Nítorí pé mẹ́mọ́rì ló ń dá iṣẹ́ dúró, ènìyàn lè fi gbèdéke sí iye iná tí káàdì ń jẹ kí ìyára kíkọ̀wé rẹ̀ má sì fi bẹ́ẹ̀ dín. RTX 3090 tí a dín kù láti wáàtì 350 sí 250 ṣì ń kọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ó ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ìlà àṣẹ kan ṣoṣo ni yóò sì gbà. Mi ò rí ẹ̀rí tó dára jù èyí lọ pé agbára ìṣirò tí a sanwó fún ń jókòó lásán.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mo ń sọ ni pé kíkọ nìkan kọ́ ni AI ń ṣe. Ó ń ka ohun tí a fún un pẹ̀lú. Òótọ́ ni, níbẹ̀ sì ni agbára ìṣirò ti ń jọba, nítorí pé ẹ̀rọ lè ka ọ̀pọ̀ tókìn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ó bá ń gbé nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì kọjá. Bí agbẹjọ́rò bá fún ẹ̀rọ ní ìwé ẹjọ́ tó tó tókìn 50,000, ẹ̀rọ tó ń ka 500 ní ìṣẹ́jú àáyá yóò lo ju ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lọ kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. GPU ńlá yóò ṣe é kíákíá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí lójoojúmọ́, tàbí tó fẹ́ máa ya àwòrán pẹ̀lú AI, tàbí tó fẹ́ fi ohùn àti ìwé tirẹ̀ tún módẹ́ẹ̀lì kọ́, kí ó ra GPU láì wẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ tí ogún ènìyàn yóò máa lo ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n fún ìdílé, ìbéèrè kúkúrú, lẹ́tà, ìtumọ̀ àti àkópọ̀ ìròyìn ló pọ̀ jù, àwọn ètò bíi llama.cpp sì lè pa ohun tí wọ́n ti kà mọ́ kí wọ́n má bàa tún un kà fún ìbéèrè kejì lórí ìwé kan náà.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, nígbà tó jẹ́ pé módẹ́ẹ̀lì àwọn iléeṣẹ́ ńlá gbọ́n ju èyíkéyìí tó lè wọ inú ilé lọ, tí owó rẹ̀ lóṣù kò sì wọ́n. Mo gbà wọ́n gbọ́ lórí méjèèjì. Ẹni tó kàn fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má ra ohunkóhun. Àmọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ báǹkì àti iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà kò sì rí ọ̀nà gbé e gbà. Server inú ilé kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Òfin ìdáàbòbò détà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, bíi dókítà, agbẹjọ́rò àti olùkọ́, láti mọ ibi tí àkọsílẹ̀ náà ń lọ. Ẹni tí kò gbé e kúrò nínú ilé kò ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe. Owó oṣooṣù náà, dọ́là ni wọ́n fi ń kà á, a sì mọ ohun tí dọ́là ti ṣe fún náírà láti 2023.

Ó sì ku àwọn tó ní kí á kúkú ra èyí tó tóbi jù nísinsìnyí kí á má bàa rà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìparí 2025 tí owó RAM ti fò sókè, àwíjàre wọn ti lágbára sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdún mẹ́ta yìí fi hàn wá ni pé iṣẹ́ kan náà ń wọ inú módẹ́ẹ̀lì tó kéré sí i. N-ATLaS, módẹ́ẹ̀lì tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti iléeṣẹ́ Awarri gbé jáde ní 2025 fún Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, orí Llama oní-bílíọ̀nù 8 ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹ̀rọ oní-16GB gbà á. Ẹni tó ń fi owó ọdún mẹ́ta ra 128GB nítorí ọjọ́ iwájú ń ra àyè fún ohun tí kò tíì mọ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n yan ẹyọ kan fún ilé tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni n ó yàn: MacBook Pro 2021 tó ní M1 Max pẹ̀lú 32GB tàbí 64GB. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ ń gbé 400GB jáde ní ìṣẹ́jú àáyá, ó ju ti RTX 3060 lọ. Wáàtì díẹ̀ ló ń jẹ bó bá ń dúró. Bátìrì sì ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà, kò ní kú lójijì nígbà tí inverter bá ń yí láti orí iná ìjọba sí orí bátìrì. Àléébù rẹ̀ ni pé a kò lè fi mẹ́mọ́rì kún un láé, iye tí a bá rà ni a ó lò. Bí ó bá jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà ni ènìyàn ti fẹ́ rà á, kí ó tàn án, kí ó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, kí ó sì rí i pé kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ tàbí ti iléeṣẹ́ kan, nítorí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ló ń dé pẹ̀lú irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó gbé módẹ́ẹ̀lì kan sí i níwájú ọlọ́jà, kí ó jẹ́ kí ó kọ̀wé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì ka tókìn tó ń jáde. Bí iye náà bá jìnnà gan-an sí ohun tí ìṣirò sọ, kí ó dá a padà kí ó tó sanwó.